Òkè Olójò Dídì: Ọ̀nà Mẹ́rin Tí Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Lè Gbà Gùn Ún, àti Ẹni Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Bá Mu

Oṣù Kọkànlá ni ìpè náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọmọ tó jáde ní LAUTECH, tó ń kàwé sí i ní Calgary, Innsbruck tàbí Glasgow, á pe ilé pé àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì fẹ́ lọ gun òkè lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí òun náà ká lọ. Ìyá rẹ̀ á bi í pé, "Ṣé irú òkè Adó Àwáyè náà ni?" Kì í ṣe irú rẹ̀. Lórí àpáta tiwa, ẹsẹ̀ ló ń yọ̀. Lórí òkè tí òjò dídì bò, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ dúró lé gan-an ló lè ṣí, kó sì kó ènìyàn lọ. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní avalanche. A ó máa pè é ní ìyalulẹ̀ níhìn-ín.

(Yìnyín tí a mọ̀ ní Ọ̀yọ́, èyí tó ń já lu páànù nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, yàtọ̀ sí èyí. Òjò dídì rọ̀ bí òwú nígbà tó bá ń bọ́. Rírọ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ló ń tan àlejò.)

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: kó dúró sínú ọgbà síkì (ibi tí wọ́n ti ń fi pátákó gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì), kó rìn lórí ilẹ̀ tí kò dagun, kó sanwó fún afinimọ̀nà, tàbí kí òun àti ọ̀rẹ́ dá lọ. Kí a tó gbé wọn síra, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀n àkọ́kọ́

Ẹ wo ìyá tó ń ta gàárì ní ọjà Akẹ̀sán. Bó bá ṣe ń bu gàárì lé kóńgò, orí rẹ̀ á máa ga ṣóńṣó, títí dé ibì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bu ìgbà mẹ́wàá sí i, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa ṣàn sí. Òjò dídì náà ní ibi tí tirẹ̀ mọ. Níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè kò bá tó dígírì 30, ó ṣọ̀wọ́n kó ya. Láàárín 30 sí 45 ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyalulẹ̀ tó ń pani ti ń bẹ̀rẹ̀, agbègbè 38 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ibi tó bá dagun kọjá 60, òjò dídì kì í lè dúró kó pọ̀ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń já bọ́.

Ṣùgbọ́n gàárì ń ṣàn ní hóró-hóró. Èyí tó ń pani lórí òkè kì í ṣàn bẹ́ẹ̀, odindi pátákó ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé òjò dídì ń bọ́ lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Bí òtútù gbígbẹ bá mú ìpele kan pẹ́, hóró rẹ̀ á dà bíi gàárì tí kò rí omi: ẹ fún un lọ́wọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá wá gbá òjò dídì mìíràn jọ sórí rẹ̀ tó sì le, ó di ẹní tí a tẹ́ lé ẹ̀wà gbígbẹ lórí pákó tó dagun. Ẹní náà lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣẹlẹ̀ nǹkan. Ìwúwo ẹnì kan ṣoṣo tó láti já a. Nínú ìjàǹbá tó gbẹ̀mí ènìyàn, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ẹni tó kú tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ló fẹsẹ̀ ara wọn já a.

Bí ẹ ṣe lè wọn ìdagẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ mú ọ̀pá ìrìn méjì tó gùn bákan náà. Ẹ gbé ọ̀kan dúró ṣánṣán lórí òjò dídì, ẹ má jẹ́ kó rì wọlé. Ẹ fi imú èkejì kan òjò dídì ní apá òkè, kí ẹ wá gbé orí rẹ̀ títí yóò fi dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kó kan ọ̀pá tó dúró. Bó bá kàn án ní ìdajì, dígírì bíi 27 nìyẹn. Bó bá ga ju ìdajì lọ díẹ̀, ẹ ti wà ní 30. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ pátápátá ló kàn, 45 ni. Fóònù náà ní áàpù tó ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù máa ń pa bátìrì fóònù lójijì. Ọ̀pá kì í kú. Ẹ má sì wo ibi tí ẹ dúró nìkan. Ẹni tó ń rìn nísàlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lè já èyí tó wà lókè orí rẹ̀.

Ìwọ̀n kejì ni àkókò. Àkọsílẹ̀ Switzerland fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá hú jáde kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Bó bá di ìṣẹ́jú 30, ó ti lọ sílẹ̀ sí bíi mẹ́ta. Hẹlikọ́pítà kì í sábà dé kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ló máa hú yín jáde, ibo ló wà báyìí? Owó àti ìmọ̀ ni ìwọ̀n tó kù, wọn ò sì ṣòro láti lóye.

Ọ̀nà kìíní: inú ọgbà síkì

Níbi wọ̀nyí, àwọn òṣìṣẹ́ ti jí lọ yẹ òkè wò kí ẹnikẹ́ni tó dé. Wọ́n á fi ohun abúgbàù já èyí tó fẹ́ ya, wọ́n á sì ti ọ̀nà tí wọn ò fọkàn tán. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀ wà nítòsí. Fún ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan òjò dídì rí, kò sí ibi tó dára ju èyí lọ. Ohun tó burú ni owó: tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní ọgbà ńlá ní Kánádà lè kọjá 150 dọ́là, kí ẹ tó yá síkì àti bàtà, kí ẹ tó san owó olùkọ́. Àwọn ọgbà kéékèèké wọ́n dín, àwọn ló sì yẹ akẹ́kọ̀ọ́.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, gbogbo ibi tó ṣí sílẹ̀ nínú ààlà ọgbà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bójú tó. Ní Yúróòpù, ojú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà ní Austria ní mítà 20 péré, lábẹ́ okùn tó ń gbé ènìyàn gòkè náà, ẹ ti wà nínú igbó. Ẹni tó kọ́ síkì ní Calgary tó wá kó lọ sí Innsbruck gbọ́dọ̀ tún èyí kọ́. Okùn tí wọ́n bá ta dí ọ̀nà, níbikíbi tí ì báà jẹ́, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíì tilẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì: ilẹ̀ tí kò dagun

Bàtà fífẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ bàtà ẹsẹ̀, snowshoe, kì í wọ́n láti yá. Owó rẹ̀ kì í sábà ju 40 dọ́là lọ lójúmọ́. Kò sí ohun tí ẹ máa kọ́ tó ju bí a ṣe ń la ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹ lè rìn nínú igbó tó kún fún igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, lórí òkè kéékèèké. Lójú tiwa, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń fojú di jù nìyí, òun sì ni ó fúnni ní àǹfààní jù pẹ̀lú owó tó kéré jù.

Bó ti wù kó rí, kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Ní Kánádà, wọ́n ti pín ọ̀nà ìrìn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ewu ìyalulẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "Simple" sí, ẹ fi "Challenging" àti "Complex" sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá gba abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá tí kò sí igi kankan lórí rẹ̀, tàbí tí ẹ rí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kán kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ìyalulẹ̀ ló gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ padà. Àfonífojì tóóró náà burú: èyí tí ì bá sin ènìyàn dé orókún lórí ilẹ̀ gbalasa yóò kó jọ níbẹ̀, á sì bo orí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí àwọn tiwa pọ̀ sí, òkè kò ga (Ben Nevis tó ga jù jẹ́ mítà 1,345), ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ le. Ó máa ń gbá òjò dídì jọ sí etí òkè, á yọ síta bí òrùlé tí kò ní òpó. Ẹni tó bá rìn dé etí yẹn kò mọ̀ pé òfuurufú ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Ìròyìn ewu: ẹ kà á kí ẹ tó wọ bàtà

Fún ọ̀nà kejì dé ìkẹrin, ìròyìn yìí ni ohun àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Avalanche Canada ń gbé tiwọn jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ kejì. SLF, ilé ìwádìí òjò dídì àti ìyalulẹ̀ tó wà ní Davos, ń gbé ti Switzerland jáde ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ti Tirol, agbègbè Innsbruck ní Austria, wà lórí avalanche.report, ti Scotland lọ́wọ́ SAIS, àjọ tó ń gbé ìròyìn ìyalulẹ̀ jáde níbẹ̀. Ìpele ewu márùn-ún ni wọ́n ń lò, láti 1 tó kéré títí dé 5 tó ga jù.

Èyí tó ń pa ènìyàn púpọ̀ kì í ṣe 5. Nígbà tó bá di 5, ọ̀nà mọ́tò pàápàá lè ti pa, kò sẹ́ni tó ń jáde. Ìpele 3 ni. Ó wà láàárín, ó dà bí ìdajì, ojú ọjọ́ sì lè mọ́ roro. Ṣùgbọ́n ní ìpele 3, ẹnì kan ṣoṣo lè já pátákó náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má ka nọ́ńbà nìkan. Ẹ ka apá ibi tí òkè kọjú sí àti gíga tí wọ́n sọ. Apá àríwá, tí oòrùn kì í rí dáadáa, ni ìpele tó dà bíi gàárì gbígbẹ yẹn ti ń pẹ́ jù.

Ọ̀nà kẹta: afinimọ̀nà

Owó ló kọ́kọ́ máa ń dẹ́rù bà wá: afinimọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí IFMGA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn afinimọ̀nà orí òkè, lè gba ju 500 dọ́là lọ lóòjọ́. Àmọ́ owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹ bá pé mẹ́rin, ó ti rọlẹ̀. Ní Scotland, tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni ẹ fẹ́ fi rìn, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí Winter Mountain Leader tó, kì í sì wọ́n tó ti IFMGA.

Ohun tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kí a yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: ṣé òun ló máa fún yín ní ohun èlò ìwákiri (a ó tò wọ́n sí ọ̀nà kẹrin), àbí ẹ máa yá a? Ṣé ẹ máa fi wákàtí kan ṣe ìdánrawò wíwá ẹni tó sin kí ẹ tó gbéra? Bó bá pa ìrìn náà dà nítorí ewu, ṣé owó yín ti lọ nìyẹn? Ìbéèrè ìkẹyìn ṣe kókó. Níbi tí owó bá ti lè sọnù, àwọn oníbàárà ni yóò máa ti afinimọ̀nà síwájú. Bó bá sì jẹ́ afinimọ̀nà nìkan ló mọ ohun èlò náà lò nínú yín, tí ìyalulẹ̀ wá gbé e, kí lẹ máa ṣe? Ìdí tí ìdánrawò fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́

Èyí ni wọ́n sábà ń pe ọmọ wa sí, òun ló sì le jù. Kọ́ọ̀sì ìyalulẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀ ló ṣáájú: AST 1 ní Kánádà jẹ́ ọjọ́ méjì, owó rẹ̀ wà ní bíi 250 sí 400 dọ́là. AIARE 1 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn kọ́ọ̀sì ni ohun èlò mẹ́ta tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. A kì í pín wọn lò.

Ẹ̀rọ aṣàwárí, transceiver, ni àkọ́kọ́. Ó máa ń ta ìró jáde ní 457 kHz, ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe é. Bí ẹnì kan bá sin, àwọn tó kù á yí tiwọn sí ìwákiri. Ẹ ra èyí tó ní áńténà mẹ́ta, bíi 300 sí 500 dọ́là. Ẹ má ra àlòkù ọlọ́dún gbọọrọ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Bátìrì alkaline ni kí ẹ lò àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá gba òmíràn. Oníná tí a ń ṣájì máa ń fi iye tí kò ní hàn, á sì kú lójijì. Ara ni à ń so ó mọ́, lábẹ́ kóòtù, kì í ṣe inú báàgì, torí ìyalulẹ̀ lè já báàgì kúrò léjìká. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ sì sọ ọ́ di 50 nígbà tí ẹ bá ń wá ènìyàn. Fóònù fúnra rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, áàpù yòówù tó bá ní òun lè ṣe é.

Ọ̀pá ìgúnlẹ̀ ni ìkejì, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 240. 280 dára jù. Ìkẹta ni ṣọ́bìrì, irin aluminiọ̀mù, kì í ṣe ọ̀rá líle. Òjò dídì tó ya, nígbà tó bá dúró, á gan bíi sìmẹ́ńtì. Ṣọ́bìrì oníke á ṣẹ́, ọwọ́ lásán kò sì ní wọ ọ́.

Báàgì afẹ́fẹ́, èyí tí afẹ́fẹ́ ń kún nígbà tí ẹni tó gbé e bá fa ọwọ́ rẹ̀, wá ńkọ́? Ó máa ń gbà tó 700 sí 1,500 dọ́là. Ẹni tó bá ń mi ajọ̀ gàárì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: hóró ńlá ló máa ń wá sókè. Báàgì náà ń sọ ènìyàn di hóró ńlá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé nínú àwọn tí ìyalulẹ̀ gbé dáadáa, 22 nínú 100 ló kú nígbà tí báàgì kò kún, 11 nígbà tó kún. Ṣùgbọ́n nínú ẹni márùn-ún tó gbé e, ti ẹnì kan kò kún rárá, ọ̀pọ̀ ìgbà nítorí pé ẹni náà kò rí àyè fa ọwọ́ rẹ̀. Kò sì ń gbani lọ́wọ́ igi tàbí àpáta tí ìyalulẹ̀ bá gbáni mọ́. Bí owó yín kò bá tó méjèèjì, ẹ fi lọ kọ́ọ̀sì. Àmì RECCO tí wọ́n rán mọ́ aṣọ kò burú, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdóòlà nìkan ló ní ẹ̀rọ tó lè rí i. Ọ̀rẹ́ yín kò ní.

Lórí òkè, ẹ má pọ̀ ju márùn-ún lọ. Ẹnì kan ni kó máa kọjá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn tó kù dúró síbi tí kò lè kàn wọ́n, kí ojú wọn wà lára rẹ̀. Ẹ yí padà bí ẹ bá rí ìyalulẹ̀ tuntun nítòsí, bí ẹ bá gbọ́ "gbìì" lábẹ́ ẹsẹ̀, bí òjò dídì bá là níwájú yín tí lílà náà ń sáré, bí èyí tó bọ́ láàárín wákàtí 24 bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí bí ojú ọjọ́ bá ṣàdédé gbóná.

Bó bá ṣẹlẹ̀: ẹ sàmì sí ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹnì kan pe ìdóòlà (911 ní Kánádà, 1414 tàbí 112 ní Switzerland, 140 ní Austria, 999 ní Scotland), àwọn tó kù yí ẹ̀rọ wọn sí ìwákiri lójú ẹsẹ̀. Ẹ sáré nígbà tí nọ́ńbà tó ń fi jíjìnnà hàn lójú ẹ̀rọ bá ṣì pọ̀. Bó bá ti wọ mítà 10, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ní mítà 3, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ dé ojú òjò dídì, ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tó kéré jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọ̀pá, ní yíyí ká bí ìkarahun ìgbín, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín ojú kan sí èkejì. Bó bá kan ohun tó rọ̀, ẹ má yọ ọ́. Ẹ lọ sí apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, jíjìnnà tó ìlọ́po kan ààbọ̀ jíjìn ibi tí ó sin dé, kí ẹ máa gbẹ́ wọlé láti ibẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ láti òkè tààrà ń tẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀, kò sì ní rí ibi da òjò dídì sí.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí òtútù ọdún àkọ́kọ́ ṣì ń jà: ọgbà síkì kékeré, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó kàn fẹ́ rí òkè kó sì ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé: snowshoe lórí ọ̀nà "Simple", ní ọjọ́ ìpele 1 tàbí 2, pẹ̀lú kóòtù tí omi kò lè wọ̀, jíǹsì kò dára, torí bó bá tutù kò ní gbẹ. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́ gun òkè gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: afinimọ̀nà. Ẹni tó máa gbé ibẹ̀ pẹ́, tí òkè ti wọ̀ lára, tó ní ọ̀rẹ́ tí àwọn náà kọ́ kọ́ọ̀sì: ọ̀nà kẹrin. Bí ẹni tó pe yín kò bá ní ẹ̀rọ aṣàwárí, tàbí tó ní òun kì í ka ìròyìn ewu torí òun mọ òkè náà, ẹ bá a lọ sí ọgbà síkì.

Òbí tó wà nílé náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Kí ọmọ má kọ nọ́ńbà Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n á pè bí òun kò bá padà. Kó kọ ti ẹni tó wà nílùú ibẹ̀, tó mọ ibi tí òun lọ àti agogo tí òun máa dé. Nígbà òtútù, agogo Switzerland àti tiwa bára mu, ṣùgbọ́n Calgary fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa: nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú níbẹ̀, ìyá ti sùn. Ìbéèrè tí ìyá lè bi í lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kò ju mẹ́ta lọ: "Ìpele mélòó ni wọ́n ní fún ọ̀la? Dígírì mélòó ni ibi tí ẹ máa gbà? Ta ló mọ agogo tó yẹ kí ẹ ti dé?" Bí ọmọ bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kó máa lọ.